Ọjọ́ Mẹ́jọ Lẹ́yìn Àwòrán: Láti Chicago dé Washington

Ọjọ́ kìíní, Ọjọ́bọ̀. Chicago.

Àbúrò mi já mi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kìnnìún onídẹ méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà Art Institute, ó ní kí n pe òun tí ebi bá ń pa mí, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ mi kò yé e rárá. Ọdún mẹ́fà ni a kò fojú kan ara wa, mo wá gbéra láti Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo sì béèrè ni ibi tí wọ́n gbé àwòrán kọ́ sí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé ọ̀mọ̀wé kan ló ń sọ̀rọ̀. Áátíìsì ẹ̀bá títì ni mí, ní Mọ́kọ́lá. Bọ́ọ̀dù onígbàjámọ̀, ara ọkọ̀ akérò, orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì, "Kò sí àwìn lónìí", gbogbo rẹ̀ ni mo ti kọ, kó tó di pé báńà onírọ́bà dé, tó gba oúnjẹ lẹ́nu wa. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ní ìwé àwòrán ògbólógbòó kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí bàbá àgbàlagbà kan tó di àmúga oníka mẹ́ta tí àgbẹ̀ fi ń kó koríko mú, obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé funfun lẹ́yìn wọn. Ọ̀gá fi ṣe ẹ̀kọ́ fún wa: a fi rúlà fa ìlà ìbú àti òró lé e lórí, a sì gbé e sórí páálí ńlá, ojú ìlà kan lẹ́ẹ̀kan. Mo mọ ojú bàbá yẹn ju ojú bàbá ìyá mi lọ.

Òun ni mo wá wò.

Ó kéré! Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn, mo sì sọ ọ́ sókè débi pé ìyá kan yíjú wò mí. Gíga rẹ̀ kò pé sẹ̀ntímítà 80. Bọ́ọ̀dù tí mo kọ fún oníbàárà kan lọ́dún tó kọjá fi ìlọ́po mẹ́rin tóbi jù ú lọ. Grant Wood ló yà á lọ́dún 1930, ó pè é ní American Gothic. Kò sì yà á sórí kánfáàsì. Orí beaverboard ló yà á sí, ìyẹn pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi igi lílọ̀ tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri àti àjà ilé. Ẹni tó bá gbé ilé àtijọ́ rí n'Íbàdàn á rántí sẹ́lótẹ́ẹ̀sì tó máa ń wú bí búrẹ́dì tí òjò bá jò sí i. Àbí ẹ ò rí nǹkan, àwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, orí àjà ilé ló wà. Tí èmi bá ya iṣẹ́ oníbàárà sórí sẹ́lótẹ́ẹ̀sì, kò ní san owó ìkẹyìn.

Mo súnmọ́ ọn títí ẹ̀ṣọ́ fi wúkọ́. Ojú rírán tó wà láyà ofárọ́ọ̀lù bàbá náà, àmúga mìíràn ni: ìka mẹ́ta, ìdí kan. Fèrèsé òkè ilé náà, tó ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, tún gba ìlà kan náà. Obìnrin náà di irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ pinpin, àmọ́ fọ́nrán kan já bọ́ lọ́rùn rẹ̀, ó ká kò. Lẹ́yìn èjìká rẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ewéko sínú ìkòkò. Mo dá ọ̀kan mọ̀ lójú ẹsẹ̀: ewé gígùn, ó dúró ṣánṣán bí idà, ó ní ìlà bí ara ejò. Ọ̀já ìkookò ni! Ọ̀já ìkookò tí ìyá mi gbìn sẹ́yìn ilé ìdáná! Apá ọ̀dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ewéko yẹn ti ṣẹ̀, kó tó di ohun tí àwọn ènìyàn ń gbìn sínú ilé káàkiri ayé. Àìmọye ìgbà ni mo ti ṣe àdàkọ àwòrán yìí, n kò rí i rí, nítorí nínú ìwé ọ̀gá mi, apá ibẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Bàbá àgbẹ̀ yẹn náà, kì í ṣe àgbẹ̀. Oníṣègùn eyín ni, Byron McKeeby, ẹni tó ń tọ́jú eyín Wood fúnra rẹ̀ nílùú Cedar Rapids. Obìnrin náà ni Nan, àbúrò Wood, tó lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní ìyàwó bàbá yẹn. Nan fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ọmọ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tí ọ̀kan jókòó fún un, ọ̀tọ̀ ni ti èkejì, kò sì sí èyí tó dúró síwájú ilé yẹn nínú wọn. Irú àwòrán yìí ni wọ́n ń pè ní àwòrán ayé bó ṣe rí. Mo rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń ṣe bọ́ọ̀dù onígbàjámọ̀ náà nìyẹn: orí ẹnìkan, ọrùn ẹlòmíràn, ìgé irun láti inú kàlẹ́ńdà.

Nighthawks ti Edward Hopper wà nílé kan náà. Ọdún 1942 ló parí rẹ̀, ilé àwòrán yìí sì rà á lọ́dún yẹn gan-an ní 3,000 dọ́là. Òru ni. Ilé oúnjẹ onígíláàsì ní ìkóríta, iná funfun tó ń da àwọ̀ ewé sórí títì, ènìyàn mẹ́rin: ẹni tó ń ta oúnjẹ, ọkùnrin kan tó kẹ̀yìn sí wa, ọkùnrin àti obìnrin tí ọwọ́ wọn fẹ́ kan ara wọn tí kò sì kàn. Mo wá ilẹ̀kùn tí oníbàárà ń gbà wọlé títí, n kò rí i. Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ràn bí ìyeyè, inú lọ́hùn-ún ló sì kọjú sí. Ṣé ojú fèrèsé ni wọ́n gbà wọlé ni? Hopper sọ fúnra rẹ̀ pé ilé oúnjẹ kan ní Greenwich Avenue ní New York ló fún òun ní èrò náà, pé òun sọ ọ́ di ńlá, òun sì yọ ọ̀pọ̀ nǹkan kúrò. Àwọn ènìyàn ti wá ilé oúnjẹ yẹn káàkiri New York títí ó sú wọn. Jo ìyàwó rẹ̀ ló jókòó fún obìnrin inú rẹ̀; Hopper wo ara rẹ̀ nínú dígí fún àwọn ọkùnrin.

Ohun tí èmi dúró wò jù ni bọ́ọ̀dù tó wà lókè ilé oúnjẹ náà: ìpolówó sìgá Phillies, sẹ́ńtì márùn-ún péré. Lẹ́tà yẹn jókòó dáadáa. Ọwọ́ ẹni tó ti jẹun nínú rẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni Hopper fi ya àwòrán fún ìwé ìròyìn àti ìpolówó kó tó lórúkọ, kò sì fẹ́ràn iṣẹ́ náà rárá. Mo kí i pé ẹ kú iṣẹ́.

Mo tún rí Nightlife ti Archibald Motley, ọdún 1943: ilé ọtí àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù ìlú Chicago yìí, gbogbo ara rẹ̀ pọ́n bí omi zobo, wọ́n ń jó, wọ́n ń mu, ìgò kún ẹ̀yìn ọlọ́tí. Motley àti Wood, ọdún 1891 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ló sì kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ Art Institute yìí. Tí ẹ bá ti iwájú àwọn mẹ́rin tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ wá síwájú eléyìí, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n tan ẹ̀rọ orin. Ìdí rẹ̀ ni mo wà tí àbúrò mi fi pè pé òun ti ń dúró níta láti ìgbà yìí wá.

Ọjọ́ kejì, Ọjọ́ Ẹtì.

Òjò. A jẹ ẹ̀bà pẹ̀lú ilá tí ìyàwó àbúrò mi sè. Mo ní mo fẹ́ lọ sí Iowa lọ wo ilé tó wà nínú àwòrán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti rí àwòrán náà. Kí lẹ tún fẹ́ fi ilé ṣe?"

Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n jọra.

"Ẹ̀yin fúnra yín ló sọ lánàá pé wọn ò jọra. Ẹ ní oníṣègùn eyín ni."

N kò rí èsì fún un. Ó gbàyè ọjọ́ mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́, ó kan fi ń bú mi ni.

Ọjọ́ kẹta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Cedar Rapids.

Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni a fi wakọ̀. A sọdá odò Mississippi lórí afárá, àgbàdo sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi oko wa wé e o. Láti ọ̀tún dé òsì, àgbàdo. Ibi tí àgbàdo bá parí sí, sóyà ni. Kò sí ẹgẹ́ láàárín rẹ̀, kò sí ẹ̀fọ́, kò sí igi kan tí àgbẹ̀ lè jókòó sábẹ́ rẹ̀ mumi. Oṣù Keje ni, ó ti ga ju ènìyàn lọ. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ bí mo ṣe rò, ó ń wú, ó ń lọlẹ̀, bí ẹni tí a fi aṣọ bò lórí ibùsùn. Tí Wood bá ya òkè, ńṣe ló máa ń rọ́bọ́tọ́ bí àkàrà. Mo ti máa ń rò pé àsọdùn ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀nà.

Ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ojúlé karùn-ún, Turner Alley. Àjà òkè ilé tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin sí ni, lẹ́yìn ilé àwọn tó ń palẹ̀ òkú mọ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ òkú náà, David Turner, ló fún un láìgba owó ilé. Wood, ìyá rẹ̀ Hattie, àti Nan ló ń gbé ibẹ̀ láti ọdún 1924. 1935 ló kúrò. Ìbòrí pósí ló fi ṣe ilẹ̀kùn! Ó fi gíláàsì sí i, ó sì ya ojú aago sí i lára pẹ̀lú ọwọ́ kan tí ènìyàn lè yí: bóyá ó wà nílé, bóyá ó jáde, bóyá ó ń wẹ̀ lọ́wọ́, bóyá àríyá ń lọ. Àbúrò mi kọ̀ láti súnmọ́ ọn. "Ẹ̀gbọ́n, n ò ní gba ẹnu pósí wọlé." Ó dúró sí ìsàlẹ̀ títí mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Yàrá náà kò tóbi. Òrùlé dagun, kọ́bọ́ọ̀dù wọnú ògiri, ohun gbogbo ni ó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́. Ó ti rọ irin rí, ó ti ṣe iṣẹ́ igi, ó ti kọ́ ọmọ ilé ìwé ní àwòrán. Ní 1928 ó lọ sí Munich ní Jámánì nítorí fèrèsé aláwọ̀ ńlá kan tó gbà láti ṣe fún ìrántí àwọn ọmọ ogun ìlú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn àwòrán ayé àtijọ́ tó mọ́ fínnífínní bí ẹni fi abẹ́rẹ́ yà wọ́n. Ó padà dé, ó pa ọwọ́ ìyàwòrán rẹ̀ àtẹ̀yìnwá tì. Mo dúró lójú fèrèsé ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Níbí ni McKeeby ti jókòó ni, àbí Nan? Ènìyàn mẹ́ta, nínú àjà tí ẹṣin ti ń gbé nísàlẹ̀ rẹ̀ rí, ló pèsè ojú tí a wá ń pè ní ojú Amẹ́ríkà.

Ilé àwòrán ìlú náà kò jìnnà. Iṣẹ́ Wood pọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi tí mo dé lọ. Mo kọjá èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wéré, mo wá dúró síwájú Woman with Plants, ọdún 1929. Ìyá rẹ̀ ló yà. Ọwọ́ ìyá náà gbó, ó rán, egungun rẹ̀ yọ, ọwọ́ ẹni tó ti fọ aṣọ ọlọ́mọ púpọ̀. Kí ló sì gbé dání? Ìkòkò ọ̀já ìkookò. Ọdún kan ṣáájú ti Chicago. Ewéko ìyá rẹ̀ ló gbé lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé onílé!

Mo fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí ìyá mi. Ìyá mi fèsì lórí WhatsApp pé: "Ta ni ìyá yìí? Ẹ sọ fún un pé kò fẹ́ omi púpọ̀."

Ọjọ́ kẹrin, Ọjọ́ Àìkú. Eldon.

Gúúsù la forí lé. Eldon kò tó ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ṣọ́ọ̀bù títì pa, ọjọ́ ìsinmi ni, ajá kan sùn sí àárín títì, kò sì sí ohun tó dí i lọ́wọ́.

Ilé náà rèé: funfun, kékeré, pátákó ni wọ́n fi kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1881, fèrèsé ṣóńṣó kan lókè iwájú rẹ̀. Kò sí ohun tó yẹ kí fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì wá ṣe lórí ilé tó rí báun. Ohun tó pa Wood lẹ́rìn-ín nìyẹn nígbà tó rí i ní oṣù Kẹjọ ọdún 1930. Ojú ẹsẹ̀ ló ya ìdàkọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro irú àwọn tó yẹ kó gbé inú rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn béèrè àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní tòótọ́.

Gbọ̀ngàn àlejò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń yá ènìyàn ní aṣọ: ofárọ́ọ̀lù, kóòtù dúdú, épúrọ́ọ̀nù, àti àmúga. Àbúrò mi tó kọ ilẹ̀kùn pósí, òun ló kọ́kọ́ wọ kóòtù. Èmi gba épúrọ́ọ̀nù, kò sí obìnrin láàárín wa, kí la fẹ́ ṣe? Ìyá àgbà tó ń tọ́jú ibẹ̀ gba fóònù mi, ó ní kí á má rẹ́rìn-ín. A gbìyànjú títí, kò ṣeé ṣe. Gbogbo fọ́tò tí ó yà, eyín wa ló wà nínú rẹ̀.

Èmi àti ìyá náà sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ó ní nígbà tí àwòrán náà jáde nínú ìwé ìròyìn, inú bí àwọn àgbẹ̀ Iowa gidigidi. Wọ́n ní Wood fi àwọn ṣe yẹ̀yẹ́, pé ojú àwọn kò rorò tó bẹ́ẹ̀. Wood ní òun kò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ronú sí i nígbà tí mo dúró sí ibi tí wọ́n sàmì sí fún àlejò. Ilé tó wà nínú àwòrán ga, ó tín-ínrín; eléyìí kúrú, ó fẹ̀. Ó fa ilé náà gùn bó ṣe fa ojú Nan àti ti McKeeby gùn. Ọ̀nà tí a ń gbà ta ọjà nìyẹn: tí mo bá fẹ́ kí agolo mílíìkì dára lójú, mo máa ń fi díẹ̀ kún gíga rẹ̀. Àmọ́ àgbẹ̀ yẹn náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Wọ́n ya ilé àdúgbò rẹ̀, wọ́n wá mú oníṣègùn eyín láti ìlú ńlá pé kó wá jẹ́ òun.

Kò sí ọ̀já ìkookò kankan lójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Mo yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ karùn-ún, Ọjọ́ Ajé.

Táyà jó láàárín àgbàdo. Jáàkì tí wọ́n fún àbúrò mi níbi tó ti ra ọkọ̀ náà kò bá ọkọ̀ mu. Wákàtí méjì ni a fi jókòó sẹ́bàá ọ̀nà títí ọkùnrin kan tó ń wa tírákítọ̀ fi yà wá bá wa, ó ní ofárọ́ọ̀lù lọ́rùn, kò sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ, ó tún táyà ṣe, ó kọ owó. Ojú rẹ̀ kò gùn rárá. Ó rọ́bọ́tọ́, ó pọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù ọkọ̀ ojú irin.

Ọjọ́ kẹfà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Inú ọkọ̀ ojú irin.

Láti ìrọ̀lẹ́ àná títí di ọ̀sán òní, lórí àga. Àmàlà tí ìyàwó àbúrò mi dì fún mi, aládùúgbò mi béèrè bóyá ṣokoléètì ni. Mo sùn kọjá gbogbo Ohio, mo jí sáàárín òkè àti igbó. Ọ̀rẹ́ mi kan ti kìlọ̀ pé kí n gba ọkọ̀ òfurufú. Tí mo bá gbà á, n kò ní mọ bí ọ̀nà Chicago ṣe jìn tó, ọ̀la ni mo sì fẹ́ lọ wo àwọn tó rìn ín.

Ọjọ́ keje, Ọjọ́rú. Washington.

Phillips Collection. Hopper wà níbí náà, Sunday, ọdún 1926: ọkùnrin apárí kan jókòó sí etí pèpéle títì, ó ká apá mọ́ra, sìgá lẹ́nu, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Mo wò ó dáadáa. Kò sí ohun tí wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù kankan. Áátíìsì kò tíì dé ibẹ̀, tàbí ó ti kúrò níbẹ̀.

Jacob Lawrence ni mo wá bá. Ọmọ ọdún 23 péré ni nígbà tó ṣe ìtàn ìṣíkiri àwọn aláwọ̀ dúdú láti gúúsù Amẹ́ríkà lọ sí àríwá, ní 1940 àti 1941. Pátákó 60 ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tí òǹkà wọn jẹ́ aláìdọ́gba wà níbí, àwọn onídọ́ọ́gba wà ní ilé àwòrán MoMA ní New York. Ẹni tó pín wọn báyìí kò ṣe dáadáa tó. Ó dà bí ẹni tí ó ya ìwé ìtàn, tó fún ọmọ kan ní ojú ewé ọ̀tún, tó fún èkejì ní ti òsì.

Pátákó kìíní nìyí: èrò ń rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, wọ́n kọ orúkọ ìlú sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Chicago. New York. St. Louis. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ lẹ́tà náà, ó wọ́ díẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde lójú òdì.

Nípa ojú, kò yà á: àwọn orí tó dúdú bí ẹ̀wà sísun, fìlà, báàgì, èjìká. Ẹ ò lè fi bá ẹnikẹ́ni mu. Síbẹ̀ mo mọ ìrìn yẹn, ìrìn ẹni tó gbé ẹrù tó sì ń bẹ̀rù pé wọ́n á fi òun sílẹ̀. Ojóta láàárọ̀ kùtùkùtù nìyẹn. Àti ọgbọ́n kan tí ọ̀gá mi á fẹ́ràn: gbogbo pátákó 60 yẹn ló tẹ́ kalẹ̀ pọ̀, ó po àwọ̀ kan, ó kùn ún yí gbogbo wọn ká níbi tí àwọ̀ náà yẹ, kó tó po òmíràn, kí àwọ̀ ewé ti ìbẹ̀rẹ̀ má baà yàtọ̀ sí ti òpin. Ohun tí wọ́n yọ láti inú wàrà ló fi pò ọ̀dà náà. Bí a ṣe máa ń kun ọkọ̀ akérò mẹ́wàá ẹgbẹ́ kan nìyẹn, ìyàtọ̀ wa ni pé àwa kì í fi wàrà ṣòfò.

Nírọ̀lẹ́, nínú ìwé kan níbi tí mo dé sí, mo rí fọ́tò tí Gordon Parks yà nílùú yìí ní 1942: Ella Watson, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ìjọba, ó dúró síwájú àsíá Amẹ́ríkà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ kan, mọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. American Gothic ni Parks pe òun náà. Òun gan-an ló ń gbálẹ̀ yẹn. Kò sí oníṣègùn eyín nínú rẹ̀.

Ọjọ́ kẹjọ, Ọjọ́bọ̀. Washington.

National Gallery ní àárọ̀. George Bellows, àwòrán tó pè ní New York, 1911: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, ọkọ̀ ojú irin títì, ilé gogoro, ènìyàn bí èèrà. Ó mú ibí kan, ó mú ibòmíràn, ó rán wọn pọ̀. Ẹ lè lọ sí New York kí ẹ wá ìkóríta yẹn títí, ẹ ò ní dúró síbẹ̀. Kò yà mí lẹ́nu mọ́. Both Members of This Club wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, 1909, àwọn méjì ń kan ẹ̀ṣẹ́, aláwọ̀ dúdú ń lu aláwọ̀ funfun, ẹ̀jẹ̀ wà lójú. Òfin New York kò fàyè gba kí wọ́n kan ẹ̀ṣẹ́ ní gbangba fún owó nígbà náà, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń sọ àwọn akànṣẹ́ di ọmọ ẹgbẹ́ fún alẹ́ kan. Bellows àti Hopper, ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan náà, Robert Henri, ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan gba ariwo, ìkejì gba ìdákẹ́jẹ́.

Aago méjì ni wọ́n fún mi. Ohun tí a yà sórí bébà, wọn kì í gbé e síta lójoojúmọ́ nítorí ìmọ́lẹ̀. Ènìyàn á kọ̀wé ṣáájú, wọ́n á sì gbé e wá bá a nínú yàrá kan. Mo fọwọ́, mo fi pẹ́ńsù nìkan wọlé. Ọ̀dọ́bìnrin kan tú àpótí, ó gbé e lé orí tábìlì.

Street to Mbari. Jacob Lawrence, 1964.

Ìbàdàn ni. Lawrence wá sí Nàìjíríà ní 1962, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Èkó àti ní Ìbàdàn. Ní 1964 òun àti ìyàwó rẹ̀, Gwendolyn Knight, padà wá, wọ́n lo oṣù mẹ́jọ. Mbari ni ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó bẹ̀rẹ̀ n'Íbàdàn ní 1961. Kò sí ojú ewé kankan nínú ìwé ọ̀gá mi tó sọ ọ́ fún wa. A ń fi rúlà wọn ilé Iowa, ẹnìkan sì ti ya títì wa.

Ọjà ni, ó kún dẹ́nu. Aṣọ lọ́tùn-ún lósì, ẹrù lórí, orí lẹ́yìn orí, àwọ̀ ń ta sí ara wọn láìsí ibi tí ojú lè sinmi sí. Bí mo ṣe kọ́kọ́ rí i, inú bí mi díẹ̀. Ó jẹ́ òótọ́. Kò sí bí títì náà ṣe lè há tó báyìí. Èèyàn ò lè rí ibi gbẹ́sẹ̀ sí. Kí ló dé tí ara gbogbo wọn fi ní igun báyìí? Mo ti ń dá ẹjọ́ bí àgbẹ̀ Iowa.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó láti igun kan bí ẹni ń fi ìlà wọn ọ́n. Ọrùn àwọn tó rẹrù kò tẹ̀. Èjìká ló sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láti fi wá ìdúró. Ẹni tí kò bá rí i lójoojúmọ́ á tẹ ọrùn yẹn. Lawrence kò tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ẹ mọ ibẹ̀ ni, sà?" ni ọmọbìnrin náà béèrè.

Mo ní ibẹ̀ ni mo ti wá. Ó ní ṣé bó ṣe rí nìyẹn. Mo ní rárá. Mo tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rò pé èdè ló ń dà mí láàmú.

Mo jáde lọ sójú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pe ọ̀gá mi. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú kò ríran dáadáa mọ́, àmọ́ etí ṣì mú. Mo béèrè bóyá wọ́n rántí ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan tó ń ya àwòrán n'Íbàdàn lọ́dún 1964.

"N ò rántí. Búrọ́ọ̀ṣì ni mo ń fọ̀ fún ọ̀gá tèmi nígbà yẹn. Ọjà wo ló yà?"

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti aṣọ, mo sọ ti ẹrù, mo sọ ti ọrùn.

"Kí ló fi po ọ̀dà?"

Mo ní omi ni, orí bébà.

"Orí bébà? Tó sì ṣì mọ́ láti 1964?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Lọ wò ó bóyá ó fi pẹ́ńsù fa ìlà kó tó kùn ún."

Mo sáré wọlé padà. Pẹ́ńsù wà níbẹ̀ lóòótọ́, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́ àwọ̀, létí aṣọ kan tó ti yẹ̀ kúrò lórí ìlà rẹ̀ díẹ̀. Mo ń wo ọwọ́ tó yí ọkàn padà yẹn lọ́wọ́ nígbà tí ọmọbìnrin náà ní àkókò ti tó, ó rọra da bébà funfun bò ó, ó sì pa àpótí dé.